Bí a ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì ọkọ̀ nílé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí bíréèkì táyà iwájú Corolla mi ni bíréèkì náà ti ń rọ̀ wọlé bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Báwo ni èmi àti àbúrò mi ṣe lè yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn kìn-ín-ní: Ẹ gbé ọkọ̀ lé ohun tó dúró ṣinṣin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara bọ ẹnu nípù (nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tó wà lára bíréèkì táyà, tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde), kí ẹ ri ìdí kejì bọ inú ìgò tí ọ́ìlì bíréèkì wà. Kí àbúrò yín tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ fi sípánà tú nípù díẹ̀, ẹ ó sì rí afẹ́fẹ́ tí yóò máa hó jáde bí ọṣẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ dè é kí ó tó gbé ẹsẹ̀, nítorí bí ó bá ṣáájú yín, afẹ́fẹ́ mìíràn yóò fà wọlé.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ máa bu ọ́ìlì kún agolo ọ́ìlì bíréèkì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ó bá gbẹ, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Irú ọ́ìlì bíréèkì tí a kọ sórí ìdérí agolo náà, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ lò, ẹ má sì da èyí tó jáde padà. Ọ́ìlì yìí ń bó ọ̀dà ọkọ̀, nítorí náà ẹ tètè fi omi ṣan èyí tó bá ta sílẹ̀.

Ìdáhùn kẹta: Bí bíréèkì bá ṣì ń rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde, ẹ yẹ ojúkò rọ́bà tuntun náà wò bóyá ó ń jò.