Nọ́kaoòtù, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àti àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ tó kù: ìjà yìí kì í ṣe ìjàkadì o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ùṣẹ́ o, ẹ sì kú àìsùn, torí mo rí i pé òru làwọn kan fi ń ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íkẹ́rẹ́ ló béèrè ohun tó yẹ ká máa pe nọ́kaoòtù inú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìgbà tí wọ́n bá lu akànṣẹ́ débi tí ìjà fi parí, ní Yorùbá, àbúrò wa kan ní Ìjerò ní ká pè é ní "àlùdákú", ẹlòmíì ní "àdábolẹ̀", àfi bó ṣe di ọ̀rọ̀ Anthony Joshua àti Tyson Fury, àwọn akànṣẹ́ abara ńlá méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló lè na ta, tó fẹ́ẹ̀ di pé wọ́n ń bú bàbá ara wọn. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo sì ní tèmi láti sọ.

Ohun tí mo rí ni pé ìjàkadì ló ṣì jókòó sí wa lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ìjà táwọn baba wa fi sílẹ̀, ti ẹkẹ ló pọ̀ nínú ẹ̀: wọ́n dá a, ó ṣubú, ẹ̀yìn ẹ̀ kanlẹ̀, ó tán, onílù á sì yíjú sí ẹni tó dá èkejì ẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà tó ń kì ara wọn pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà ò níí bá mi jiyàn ìyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ẹ̀ṣẹ́ èèyàn lè ṣubú, kó dìde, kó sì na ẹni tó gbé e ṣubú. Ṣebí gbogbo wa la wo ti Wembley nínú oṣù kẹrin ọdún 2017, Joshua gbé Klitschko ṣubú ní ráúńdì 5, kí ráúńdì 6 tó parí Klitschko ti fi ọwọ́ ọ̀tún dá òun náà sílẹ̀, àwa tí a wà nílé ìwòran ní Ajílọ́sùn l'Ádó níbí ti káwọ́ lérí, ẹnì kan ti ń wá bàtà ẹ̀ kó máa lọ, ìgbà tó wá di ráúńdì 11 ni Joshua fi ọ́pákọ́ọ̀tù kan, ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gbé orí bàbá yẹn sókè, ó gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, rẹfirí dá ìjà dúró. Tó bá jẹ́ ẹkẹ ni, ráúńdì 5 la ì bá ti túká.

Torí náà "àdábolẹ̀" yẹn dáa, èmi gbà á, ṣùgbọ́n ẹ fi fún nọ́kídáùn. Ẹni tí wọ́n dá bolẹ̀ ṣì wà nínú ìjà.

Àlùdákú wá ńkọ́? Ó dùn létí, mi ò níí purọ́. Dídákú inú ẹ̀ ni wàhálà. Ẹni tí wọ́n bá kà dé mẹ́wàá tí kò dìde ni wọ́n nọ́kaoòtù, bóyá ó dákú o, bóyá ojú ẹ̀ ń wò rekete o. George Foreman ò dákú ní Kinshasa lọ́dún 1974. Muhammad Ali kó ẹ̀ṣẹ́ bò ó ní ráúńdì 8, ó lulẹ̀, ó ń dìde bọ̀, kíkà ló tán kó tó nàró. Ẹ fẹ́ sọ fún mi pé àlùdákú nìyẹn? Ngannou tí Joshua lù ní Riyadh nínú oṣù kẹta 2024, ráúńdì 2, ìyẹn ni ká pè ní àlùdákú kí n gbà. Bẹ́ẹ̀ nọ́kaoòtù ni wọ́n kọ méjèèjì sí nínú ìwé, ọ̀rọ̀ tí a bá máa lò gbọ́dọ̀ lè gba méjèèjì sínú.

Mo wá ní, kí ló dé tí a ò lo kíkà yẹn fúnra ẹ̀? Àkàìdìde. Bí àwíìgbọ́ náà ló ṣe rí: wọ́n wí, kò gbọ́, wọ́n kà, kò dìde. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé rẹfirí kì í kà délẹ̀ nígbà míì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí kì í fi í kà á tán ni pé ó ti rí i pé tí òun bá kà dé ogún gan-an kò níí dìde. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún nínú gbólóhùn: Dubois na Joshua ní àkàìdìde ní ráúńdì 5, ní Wembley, oṣù kẹsàn-án 2024. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, àmọ́ ó yéni.

Ti TKO, ìyẹn ìgbà tí rẹfirí bá dá ìjà dúró láìjẹ́ pé wọ́n ka ẹnì kan tán, ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́ ní ká pè é ní "àlùdákú kékeré". Ẹ má bínú o ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó ń jẹ́ dídákú kékeré. Ẹ rántí ti New York, oṣù kẹfà 2019, tí Andy Ruiz, ọkùnrin oníkùn tí gbogbo wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, dá Joshua bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo ẹ̀ náà ni Joshua ń dìde kí kíkà tó tán. Èyí tó kẹ́yìn ní ráúńdì 7, ó dìde, ó lọ fẹ̀yìn ti kọ́nà, rẹfirí ń bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn bó ṣe yẹ, rẹfirí ní ó tó. Kò dákú, wọn ò sì kà á tán. Rẹfirí ló parí ìjà yẹn, ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ lò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀: ìdájàdúró. Onílàjà ní í sì í forí gbọgbẹ́, títí dòní àwọn kan ní Ajílọ́sùn ò tíì dárí ji rẹfirí yẹn.

Kí ẹni tó bá ṣì rò pé ìṣubú ni gbogbo ìjà lọ wo Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà wa, pẹ̀lú Gene Fullmer ọmọ Amẹ́ríkà. Ìjà mẹ́ta ni wọ́n jà. Ti San Francisco lọ́dún 1962, póìǹtì ni Tiger fi borí lẹ́yìn ráúńdì 15, ó sì gba ìgbànú. Ti Las Vegas ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963, ọ̀mì. (Ọ̀rọ̀ ayò lọ̀mì, ó ti wọ bọ́ọ̀lù, kò sídìí tí kò fi níí wọ ẹ̀ṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tún ṣẹ̀dá òmíì fún un.) Ẹ̀kẹta ni ti Ìbàdàn wa níbí, Liberty Stadium, oṣù kẹjọ 1963, èyí táwọn bàbá wa ò yéé sọ: lẹ́yìn ráúńdì 7 àwọn tó wà ní kọ́nà Fullmer ní ọmọ àwọn ò jà mọ́. Wọn ò kà á, rẹfirí ò sì lé e kúrò. Ìjuwọ́sílẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn méjì kan náà jà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n parí ẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí àkàìdìde kankan níbẹ̀. Tí a bá wá ń fi "dá" àti "ṣubú" kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́, báwo la ṣe fẹ́ sọ ìtàn Tiger fún ọmọ wa?

Ó ku ti àwọn adájọ́. Ọ̀gá wa tó ń kọ́ni l'Ẹ́fọ̀n ní tí adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbè sẹ́yìn ẹnì kan ká pè é ní "ìdájọ́ àjọfẹnukò". Ọ̀gá, èdè yín mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ yẹn kì í fẹnu kò. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríǹgì, kálukú ń kọ tiẹ̀ ní ráúńdì kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá fún ẹni tó borí, mẹ́sàn-án fún èkejì tí wọn ò bá dá a bolẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ bára wọn sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Usyk ọmọ Ukraine àti Joshua jà ní Jeddah nínú oṣù kẹjọ 2022, adájọ́ kan ní 115-113 fún Joshua, èkejì ní 115-113 fún Usyk, ẹ̀kẹta ní 116-112 fún Usyk. Ibo ni ìfẹnukò wà níbẹ̀? Èmi ò fẹ́ nǹkan tó le: "ìdájọ́ bákan-náà" fún tàkọ́kọ́, "ìdájọ́ méjì-sọ́kan" fún irú ti Jeddah.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù wá ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbámúṣé ni. Àmọ́ oríkì ni, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́. Àwọn oníròyìn ti sọ ọ́ di orúkọ gbogbo ẹni tó bá ti wọ ìbọ̀wọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni, Mayweather náà abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni. Mayweather wo? Ọkùnrin tó ja ìjà 50 tó sì borí nínú 50, tó jẹ́ pé yíyẹ̀ ló fi jẹun, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ kì í kù, ti ẹlòmíì ni kì í bà á. Ayẹ̀ṣẹ́ ni kẹ́ ẹ pe irú wọn. Ẹni tó yẹ kó jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni Ike Ibeabuchi ọmọ Nàìjíríà wa, tí òun àti David Tua jà ní California lọ́dún 1997, àwọn tó ń ka ẹ̀ṣẹ́ ní 1,730 ni àwọn méjèèjì jù sí ara wọn ní ráúńdì 12, kò sí ìjà àwọn abara ńlá tí wọ́n kà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ títí dìgbà náà. Òjò nìyẹn, kì í ṣe ìrì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán o. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ́ ká máa rò pé ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ bá kù jù ló máa borí. Deontay Wilder borí nínú ìjà 42, 41 nínú ẹ̀ ni kò dé ọwọ́ adájọ́, kó tó pàdé Fury lẹ́ẹ̀kejì nínú oṣù kejì 2020, a sì ń pariwo pé ó máa pa á. Ráúńdì 7 ni wọ́n ju táwẹ́ẹ̀lì wọlé láti kọ́nà Wilder, pé àwọn juwọ́ sílẹ̀. Ohun kan náà ló bo ojú yín lórí Joshua àti Fury. Ìjà yẹn ni wọ́n ti ní ó ti dé tán lọ́dún 2021, ní Saudi, kí onílàjà kan l'Ámẹ́ríkà tó sọ pé Fury jẹ Wilder ní gbèsè ìjà kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Joshua ọmọ Ṣàgámù ì bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ nígbà yẹn, ẹ̀ṣẹ́ tó ń kù lẹ ń gbọ́, ẹ ò wo ẹsẹ̀. Fury ga ju ẹni tó ga lọ, ó sì ń jó. Póìǹtì ni ì bá fi borí Joshua, èmi ò níí jẹ́ kí ìfẹ́ ilé bò mí lójú. Àwọn méjèèjì náà ṣáà ti pàdé Usyk lẹ́ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí ẹni tó rí i mú nínú wọn.

Kí la wá ń pe oníṣẹ́ náà fúnra ẹ̀? Akànṣẹ́ ti tó. Ẹnì kan mú "ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́" wá, mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù? Ẹ ó kọ "Anthony Joshua, elese", ìyá ìjọ kan á rí i l'Ádó níbí, wọ́n á gbààwẹ̀ fún un.

Usyk tí mo dárúkọ yẹn, ẹ ní ká pe irú ìdúró ẹ̀ ní "ọlọ́wọ́ òsì". Kò pé. Ìdúró là ń sọ, kì í ṣe ọwọ́ tí èèyàn fi ń jẹun. Ọlọ́wọ́ òsì ni Oscar De La Hoya látinú ilé, síbẹ̀ òsì yẹn ló fi ń síwájú bí àwọn tó kù. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ọwọ́ ọ̀tún síwájú, tó wá fi òsì pamọ́ sẹ́yìn, afọ̀túnsíwájú ni ká pè é, bó ti wù kí ọwọ́ ẹ̀ rí.

Àbúrò wa Ìkọ̀lé tó ní ká pe ọ́pákọ́ọ̀tù ní "ẹ̀ṣẹ́ ìgúnyán" torí pé ọmọ Èkìtì la jẹ́: àbúrò, ọmọ odó máa ń ti òkè bọ̀ ni, ọ́pákọ́ọ̀tù ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, àgbọ̀n ló sì ń wá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àgbégbọ̀n". Ti ìwọ̀n ara ò yẹ kó gba àsìkò wa, ẹ má tú u ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, torí ẹni tó tú featherweight, tó wá pe Hogan Bassey ọmọ Nàìjíríà wa ní "oníwọ̀n ìyẹ́", ti sọ ọkùnrin tó gba ìgbànú àgbáyé ní Paris lọ́dún 1957 di adìyẹ. Ẹ sọ iye páùn, 126, ó parí.

Èyí tó kù tí mi ò gbà ni "ìfàmọ́ra" fún ìgbà tí akànṣẹ́ bá gbá èkejì ẹ̀ mú kó má lè lù ú. Ẹni tó fa èèyàn mọ́ra, ìfẹ́ ló ní sí i. Ìrọ̀mọ́ ni èmi á pè é, ẹni tó bá sì ní òmíì kó gbé e wá, àmọ́ kó kọ́kọ́ wo Klitschko àti Povetkin ní Moscow, 2013, ìrọ̀mọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀ láti ráúńdì kìíní dé ìkejìlá, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì kọ 119-104 fún Klitschko.