Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ ilé Maggie's ní Hammersmith rí, ẹ jọ̀ọ́
Ẹ kú ilé o. Màmá mi ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní ọsibítù Charing Cross, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ilé Maggie's wà, níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ àtàwọn ẹbí wọn lọ́wọ́, ilé ológiri aláwọ̀ ọsàn tí iléeṣẹ́ Richard Rogers yàwòrán rẹ̀, tó gba ẹ̀bùn Stirling, ẹ̀bùn iṣẹ́ ilé yíyà, ní 2009. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, èèyàn sì lè yà síbẹ̀ láìṣàdéhùn. Ṣùgbọ́n bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, tí Màmá rí tábìlì ìdáná gbàgàdà láàárín ilé, táwọn èèyàn ń mu tíì, ńṣe ni wọ́n fà mí lápá: "Ilé onílé nìyí, jẹ́ ká máa lọ." Ṣé kọ́lọ́fín kan wà nínú ẹ̀ téèyàn ti lè sunkún? Màmá kì í sunkún níwájú àlejò. Ṣé ẹ ti bá ẹni tó gbọ́ Yorùbá pàdé níbẹ̀?