Wágọ̀nù tòkunbọ̀ tó lè sáré gidi, tó sì lè gbé Ilésà: èwo ni kí n rà?

ỌmọÒṣómàáló (Ilésà)
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kó owó mi dà sómi. Mo ń wá wágọ̀nù tòkunbọ̀, kì í ṣe èyí tá a kàn máa fi kó iṣu o, èyí tó lágbára ni, tó jẹ́ pé téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ẹ̀yìn èèyàn á lẹ̀ mọ́ síìtì. Mo ń háyà ẹ̀rọ fún àwọn olóde, spíkà, ampilifáyà, máíkì, gbogbo ẹ̀, kò sì sọ́sẹ̀ tí n kì í dé Ifẹ̀ tàbí Àkúrẹ́. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ra jíìpù, mi ò fẹ́ jíìpù.

Èyí tí mo ti rí: Volvo V70R 2006 tí jíà ẹ̀ jẹ́ mánúà, ó wà l'Ékòó. Benz E55 wágọ̀nù 2005, Èkó náà ni. Lexus IS300 SportCross 2003, ìyẹn wà n'Íbàdàn. Ẹnì kan tún ní òun lè bá mi fa Audi RS6 wọlé láti London. Owó ọwọ́ mi ò ju mílíọ̀nù 9 lọ, mo sì fẹ́ kí nǹkan ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí màá fi tún un ṣe.

Sùúrù_Lérè
Ra Camry.

BàbáPijó (Ẹnuwá, Ifẹ̀)
Ọmọ mi, o ṣeun tó o bèèrè kó o tó rà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé wágọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ṣebí Pijó 504 wágọ̀nù ló gbé gbogbo wa lọ s'Ékòó láyé ọjọ́un, Kàdúná ni wọ́n ti ń tò ó, síìtì ẹ̀ ìlà mẹ́ta, ẹrù lórí, ewúrẹ́ lẹ́yìn. Ṣé o mọ ohun tó mú un dúró? Igi ààsì kan gbọnrangandan ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀tún ní springì 2, òsì ní springì 2. Kò sí wáyà, kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí atẹ́gùn nínú ẹ̀. Torí náà kó o tó bèèrè ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, bèèrè ohun tó gbé ìdí ọkọ̀ dúró.

Ti London yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sitiárìn ẹ̀ máa wà. April 2, 1972 la ti kúrò ní ọwọ́ òsì títì ní Nàìjíríà. Mo rántí dáadáa, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá mi fi gbé ọkọ̀ sílẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí àwọn ẹlòmíì kọ́kọ́ fi ara wọn kọ́ ọ ná. Ta ló máa fún ẹ ní nọ́ńbà sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí? Tó o bá sì fẹ́ ṣáájú tirela, orí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ló máa kọ́kọ́ yọ síta.

Jíà_Mẹ́fà (OAU)
Ẹ kú ọ̀rọ̀ sà, bàbá ti sọ òótọ́, kí n kàn fi tèmi lé e. RS6 àkọ́kọ́ yẹn (2002 sí 2004) wù mí dé egungun, V8 (silíńdà 8) lítà 4.2, tọ́bò 2 tó ń fún atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, hp (agbára ẹṣin) 450. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ́ńjìnnì yẹn kún ojú ẹ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì lásán, iwájú ọkọ̀ lẹ máa tú, bọ́ńpà, rẹdiétọ̀, gbogbo ẹ̀. Sókì ẹ̀ náà, òróró ló so ti iwájú lọ́tùn-ún pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn lósì, tọ́kan bá ti ń jò, ìkejì ẹ̀ náà ti wọ wàhálà nìyẹn. Jíà ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lè gba agbára yẹn mọ́ra. Ta ló máa ṣe é fún yín l'Ílésà?

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi RS2 tàn yín jẹ. 1994 sí 1995 ni Audi àti Porsche fi jọ ṣe ìyẹn, ẹ́ńjìnnì silíńdà 5, hp 315, bíréèkì Porsche gan-an ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, gbogbo èyí tí wọ́n ṣe láyé ò tó 3,000. Ẹni tó bá ní òun ní in ní mílíọ̀nù 9, ẹ sá fún un.

Volvo ni kẹ́ ẹ lọ wò. Lítà 2.5, tọ́bò, hp 300, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè fa ọkọ̀. Ẹ mú ibọ̀wọ́ rọ́bà tàwọn nọ́ọ̀sì dání. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da òróró sí, kẹ́ ẹ fi ibọ̀wọ́ yẹn bò ó. Tó bá wú dìde bí ẹni tó fẹ́ bọ̀ yín lọ́wọ́, ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí ti dí nìyẹn, òróró máa tó bẹ́ síìlì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, ẹ ki í sí jíà 1, kí ẹnì kan wo pùròpẹ́là, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn. Tí kò bá yí, irin kan wà láàárín jíà àti ibi tó ti ń pín agbára lọ sẹ́yìn, eyín ẹ̀ ló ti jẹ tán. Táyà iwájú nìkan ló ń fa irú ọkọ̀ yẹn, ẹni tó ń tà á ò sì ní sọ.

Rewáyà_Mọ̀dákẹ́kẹ́
Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ lórí E55 torí ọwọ́ mi ti dé ara ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní àléébù o, V8 lítà 5.4 tó ní súpáchájà (iṣẹ́ tọ́bò lòun náà ń ṣe, àmọ́ ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń yí i), hp 469. Bíréèkì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró, ẹsẹ̀ yín kàn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ni, kọ̀ǹpútà ló wá ń sọ fún póm̀pù pé kó tì í. Póm̀pù yẹn sì ń kà á, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ń kà á. Tí iye tí wọ́n dá fún un bá pé, iná pupa á tàn, ẹ máa wá pààrọ̀ odindi póm̀pù. Ẹ rò ó pé ọjọ́ tẹ́ ẹ kó spíkà sẹ́yìn tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti òkè Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló pé.

Atẹ́gùn ló sì gbé ẹ̀yìn ẹ̀ dúró, ohun tí bàbá ń sọ gan-an nìyẹn. Kọ́sítọ́mà mi kan, tó bá páàkì Benz ẹ̀ lálẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀ ọkọ̀ á ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn bíi ràkúnmí. Ó á dáná sí i, ó á dúró dè é kó tó dìde. Ó máa ń pẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ṣá.

ÌyáÌbejì_Lágéré
Ẹ kú ìjíròrò o. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Subaru. Legacy GT wágọ̀nù 2005 ni mo ń lò, lítà 2.5, tọ́bò, hp 250, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, springì irin lásán ló gbé e. Òun ni mo fi ń kó ọjà mi, òun ni mo fi gbé àwọn ìbejì lọ iléèwé títí wọ́n fi wọ yunifásítì, báyìí ó kàn jókòó sílé ni púpọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Tí mo bá dúró níbi epo, wọ́n á ní "mọ̀mí, ẹ bá wa kí dádì, ọkọ̀ wọn mà dáa o." Dádì wo? Dádì ò mọ jíà ẹ̀ ki.

Mi ò ní purọ́, tọ́bò àkọ́kọ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló wò ó, wọ́n ní kí n ra tọ́bò míì, mo rà á, ìyẹn náà tún fẹ́ kú. Ẹnì kẹrin ló tú bóòtù kan tó mú páìpù òróró tọ́bò, ó da ohun kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, asẹ́ kékeré kan báyìí, kò tó orí ìka ìlábẹ̀, ìdọ̀tí dúdú ti di gbogbo ojú ẹ̀ pa. Òróró ò dé ọ̀dọ̀ tọ́bò mọ́, bó ṣe ń yí lásán nìyẹn títí tó fi jóná. Ó yọ asẹ́ yẹn kúrò, látìgbà náà mo ń tètè pààrọ̀ òróró, kò tíì sọ̀rọ̀ mọ́.

ỌmọÒṣómàáló (Ilésà)
Ẹ ṣé gan-an ni. Kí n bèèrè kan si, ti epo ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ọkọ̀ yìí ò fẹ́ irú epo tiwa.

Jíà_Mẹ́fà (OAU)
Epo tí octane ẹ̀ ga ni wọ́n fẹ́ lóòótọ́. Tí ẹ bá fi èyí tó rẹlẹ̀ sí i, á fẹ́ gbiná kó tó tákòókò, ẹ máa gbọ́ kéré-kéré-kéré nínú ẹ́ńjìnnì. Sẹ́ńsọ̀ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á dín iná kù. Kò ní pa á tẹ́ ẹ bá ń rọra, àmọ́ hp 300 tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, ẹ ò lè rí gbogbo ẹ̀ lò.

ỌmọÒṣómàáló (Ilésà)
Mo ti lọ mo ti bọ̀ o. Volvo yẹn dúdú, ó ń dán, mo ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n fa bẹ́líìtì síìtì ẹ̀yìn jáde pátápátá, mi ò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, ìdajì ẹ̀ mọ́, ìdajì tó kù ní àmì omi rúbútú tó gbẹ, iyẹ̀pẹ̀ ń já bọ́ lára ẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà ṣasí ẹ̀ sórí Google níwájú ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á, fọ́tò ẹ̀ jáde láti ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, nínú omi ló dúró sí, omi dé ibi gíláàsì. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní "ẹ̀gbọ́n, ṣebí ó ti gbẹ." Mi ò tiẹ̀ tíì yọ ibọ̀wọ́ lápò.

Mo wá yà n'Íbàdàn wo Lexus. Ọkọ̀ yẹn mọ́ o, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ 3.0 silíńdà 6, hp 215, mẹkáníìkì tó mọ irú ẹ̀ ò wọ́n torí irú ẹ̀ wà nínú GS300. Mo ti fẹ́ san àsansílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Lágéré
Ṣé ẹ wọn bọ́ọ̀tù ẹ̀?

ỌmọÒṣómàáló (Ilésà)
Háà. Mi ò wọ̀n ọ́n.

ỌmọÒṣómàáló (Ilésà)
Mo ní kí wọ́n bá mi wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ká síìtì ẹ̀yìn, spíkà ńlá kan ló máa wọlé, èkejì á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú bí ìyàwó. Wágọ̀nù orúkọ lásán ni.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Lágéré, ẹ ní tiyín kàn jókòó sílé. Ṣé ẹ ò ní tà á? Tẹ́ ẹ bá lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì báyìí, ìdajì lẹ́yìn ọdún Iléyá tí òde bá pọ̀.

BàbáPijó (Ẹnuwá, Ifẹ̀)
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà fẹ́ ràwìn!

ÌyáÌbejì_Lágéré
Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ gbé spíkà kan dání ká fi wọn bọ́ọ̀tù, ẹ mú mẹkáníìkì tó wù yín wá, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ti asẹ́ yẹn padà síbẹ̀. Ti ìdajì owó yẹn, ẹ má ṣèyọnu, èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń lòṣó.