Aṣẹ̀lọ́pọlọ àti atàndọ́pọlọ: kí la ó máa pe jẹjẹrẹ tí wọ́n bá rí nínú ọpọlọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á pe jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀ ní "jẹjẹrẹ àkọ́kọ́", kí á pe èyí tó ti ibòmíràn nínú ara wá ní "jẹjẹrẹ kejì", kí á sì pe àwọn purotéènì tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ní "ilà". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ wo "kejì" ná. Bí dókítà bá sọ fún ìyàwó aláìsàn pé jẹjẹrẹ kejì ni wọ́n rí nínú ọpọlọ ọkọ rẹ̀, ohun tí obìnrin náà yóò gbọ́ ni pé àrùn méjì ló ń bá ọkọ òun jà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé orí, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró náà ló ṣì jẹ́, ibi tó ti wá yìí sì ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó yan oògùn fún un. Láàárín àwọn àgbàlagbà, irú èyí tó ti ibòmíràn wá ló wọ́pọ̀ jù nínú ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀fóró, ọmú, àti jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní mẹlanómà ló sábà máa ń jẹ́ orírun rẹ̀.

Ẹnì kan tún dábàá "jẹjẹrẹ tó ràn dé ọpọlọ". "Ràn" yẹn bà mí lẹ́rù gan-an. Létí Yorùbá, àrùn tó ń ràn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, ni kòrónà, ni èyí tí ẹnì kan ń kó ran ẹlòmíràn. Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n á ti ya abọ́ àti ṣíbí aláìsàn sọ́tọ̀. "Tàn" ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu.

"Ìbílẹ̀" àti "abínibí" náà kò ṣeé lò fún èyí tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ. Ẹni tó bá gbọ́ "àrùn ìbílẹ̀" lè gbà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ "abínibí" á ní wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀ là ń wá. Nítorí náà, "jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ nínú ọpọlọ" àti "jẹjẹrẹ tó tàn dé ọpọlọ" tó fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó níwájú dókítà. Fún ìwé atúmọ̀ èdè, tó nílò ọ̀rọ̀ orúkọ, mo dábàá aṣẹ̀lọ́pọlọ àti atàndọ́pọlọ.

Ti purotéènì ló gba àlàyé jù. Àwọn kan fẹ́ "amúaradàgbà", àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti oúnjẹ. Ẹ sọ fún mọ̀lẹ́bí aláìsàn pé wọ́n rí amúaradàgbà kan nínú kókó jẹjẹrẹ náà, kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti ní kó má fẹnu kan ẹ̀wà àti ẹyin mọ́. Ẹ jẹ́ kí purotéènì dúró bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tó wu ẹni tó mú "ilà" wá: bí a ti ń fi àbàjà mọ ibi tí èèyàn ti wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi purotéènì mọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti wá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń kọ ilà síni lára, kí wọ́n lè dáni mọ̀ sì ni. Iṣẹ́ ni àwọn purotéènì yìí ń ṣe ní tiwọn. Purotéènì GFAP, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lawrence Eng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1971, jẹ́ okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìrísí ró fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó dà bí ìràwọ̀. Kerátìnì ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú awọ ara àti nínú ohun tó tẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun. Bí GFAP bá yọ nínú kókó náà, ọpọlọ ló ń tọ́ka sí. Bí kerátìnì àti purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ TTF-1 bá jọ yọ, ẹ̀dọ̀fóró ni wọn yóò kọ́kọ́ fura sí. CK20, tó jẹ́ irú kerátìnì kan, àti purotéènì CDX2 ń tọ́ka sí ìfun ńlá.

Ọ̀kan ṣoṣo kò sì tó láti fi dájọ́. Purotéènì S100 máa ń yọ nínú mẹlanómà, ó sì máa ń yọ nínú kókó tó ṣẹ̀ nínú ọpọlọ. Kódà, AE1/AE3, èròjà tí wọ́n fi ń wá kerátìnì, lè lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, kó wá dà bíi pé àrùn náà ti ibòmíràn wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ púpọ̀ wò pọ̀, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n fara mọ́ "ẹ̀rí" gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn, torí pé ó ń dún bí ohun tí ẹjọ́ ti parí lórí rẹ̀. Purotéènì atọ́ka orírun ni mo fara mọ́.

Ó ku orúkọ àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá àwọn purotéènì yìí nínú ẹran ara tí wọ́n gé lára kókó náà, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "immunohistochemistry". "Àyẹ̀wò aláró" tí wọ́n dábàá kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọ̀ búráùn ló sábà máa ń fi hàn pé wọ́n rí purotéènì tí wọ́n ń wá. Àwọ̀ búlúù tó jọ aró, àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń fi hàn. Ẹni tó bá tẹ̀lé orúkọ yẹn á ka èsì náà sódì. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pè é láàárín ara yín?