Ojú ọ̀tún màmá mi kò jẹ́ ká sùn: ṣé ká gba abẹ́rẹ́ inú ojú yìí?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́ (Bódìjà):
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Mi ò tíì fojú kan oorun gidi láti ọjọ́ mẹ́rin, ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá rí wúruwùru.

Màmá mi ni. Wọ́n ti pé ọdún 63, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Bódìjà, ṣúgà sì ti wà lára wọn láti nǹkan bí ọdún 14. Wọ́n ń lo oògùn o, àmọ́ ẹ mọ ìṣe àwọn àgbà: tí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní àìsàn ti lọ, wọ́n á gbé oògùn sórí fèrèsé. Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti ń sọ pé ojú ọ̀tún ń ṣe bàìbàì, bí ẹni ń wo ọjà láàárín èéfín. A ṣebí ọjọ́ orí ni, àní à ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe jígí. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ di nǹkan míì. Ojú náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ro wọ́n wọ àgbárí, wọ́n sì bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ ládùúgbò, ibà ni wọ́n pè é. Nígbà tí a máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ Ajé, pírẹ́ṣọ̀ inú ojú yẹn ti di 54. Wọ́n ní tẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá kì í sábà kọjá 21.

Orúkọ tí wọ́n pè é ni neovascular glaucoma, oríṣi gílákómà kan, àìsàn tí pírẹ́ṣọ̀ fi ń ba ojú jẹ́. Wọ́n ní ṣúgà ti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà lẹ́yìn ojú jẹ́, ojú wá ń hu iṣan tuntun síbi tí kò yẹ, ìyẹn ló dí ibi tí omi inú ojú ń gbà jáde. Wọ́n fún wọn ní oògùn kíkán sójú mẹ́ta, pẹ̀lú hóró kan tó ń jẹ́ Diamox. Wọ́n tún ní àwọn máa gún abẹ́rẹ́ sínú ojú (INÚ ojú o!), lẹ́yìn náà lésà (ìmọ́lẹ̀ líle tí wọ́n ń ta sínú ojú), bóyá iṣẹ́ abẹ bí pírẹ́ṣọ̀ kò bá lọ sílẹ̀.

Bùrọ̀dá mi tó wà l'Ékòó ní kí ló dé tí a fẹ́ kó owó lé ojú tí kò rí ju ọwọ́ tó ń mì níwájú rẹ̀ lọ, pé ká wá oògùn ìrora nìkan. Àbúrò màmá mi ní òun mọ ẹnì kan tó ń fi àgbo fọ ojú. Paracetamol ò sì ṣe nǹkan kan lóru. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo hóró yẹn, ìka ọwọ́ àti ẹnu wọn ń ṣe wọ́n ṣìnìnì bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú, wọ́n ní àwọn ò lò ó mọ́. Ẹ gbà mí o.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Màmá á rí ìtura o. Jẹ́ ká ti ibi hóró yẹn bẹ̀rẹ̀ nítorí òun ló lè ṣe wọ́n ní jàǹbá bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ lójijì. Ìka tó ń ṣe ṣìnìnì, iṣẹ́ Diamox ni. Á mú kí wọ́n máa tọ̀ léraléra pẹ̀lú, oúnjẹ lè má dùn lẹ́nu wọn. Kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n béèrè nǹkan mẹ́ta kí o sì pe dókítà bí ọ̀kan bá rí bẹ́ẹ̀: ṣé kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn? Ṣé SS ni wọ́n? Ṣé Septrin tàbí oògùn sulfa míì ti bá wọn jà rí?

Kí ni orúkọ àwọn tí wọ́n ń kán sójú?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ ṣé, mà. Timolol, prednisolone àti atropine. Atropine yìí gan-an, ẹnì kan ní Agbeni sọ fún mi pé kò yẹ kí ẹni tó ní gílákómà fojú kàn án, mo ti gbé e pamọ́.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá:
Gbé e jáde! Òun gan-an ni oògùn ìrora tí ò ń wá. Ẹran kékeré kan wà nínú ojú tó ti súnkì nítorí wàhálà yìí. Atropine ló ń mú un dẹ̀. Ẹni Agbeni yẹn kò purọ́ pátápátá, gílákómà oríṣi míì wà tí atropine lè bà jẹ́ sí i, àmọ́ èyí kọ́. Dókítà tó fi ẹ̀rọ wo inú ojú ló mọ èyí tó jẹ́. Èyí tí o kò gbọdọ̀ yá lọ́wọ́ aládùúgbò ni pilocarpine. Gílákómà ni wọ́n ń lò ó fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú irú ti màmá, ńṣe ló máa ń dá kún ìrora.

Timolol: bí wọ́n bá ní ikọ́ fée, sọ fún dókítà lónìí, má dúró dọ̀la. Ó tún lè bo àmì mọ́lẹ̀ nígbà tí ṣúgà wọn bá já wálẹ̀ jù, nítorí náà ẹ máa fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àti bí wọ́n ṣe ń kán an. Ìyá tèmi náà máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹ̀ á ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gba ìwòsàn. Ẹ̀kán kan péré. Kí wọ́n di ojú, kí o fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó kán òmíràn. Má fi ibuprofen tàbí aspirin kún un láìbéèrè, kíndìnrín ẹni tó ní ṣúgà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di òru tí wọ́n tún ń bì, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Omi kan wà tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára ní ẹ̀ka pàjáwìrì, mannitol, ó máa ń fa pírẹ́ṣọ̀ wálẹ̀ kíákíá.

Àlàájà Òjé:
Ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí ẹ ti fẹ́ràn abẹ́rẹ́ jù. Omi ọmú ìyá ọlọ́mọ tuntun ni ẹ kán sí i, ojú mi tó pọ́n nígbà kan, òun ló wò ó.

Àkàndé Àpáta:
Àlàájà wa, ẹ kú àdúrà. Ẹ má bínú sí mi, mà, ojú pípọ́n tiyín yẹn kì í ṣe irú èyí. Ẹ̀gbin tó bá ti ara omi ọmú tàbí àgbo wọ ojú tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ lọ́la, ó lè jẹ gbogbo ẹyinjú tán láàárín ọjọ́ méjì.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́, jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi fún ọ. Tiwọn kì í ṣe ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú òsì ti ṣókùnkùn. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́yìn ojú ló dí, pé ká máa padà wá lóṣooṣù. Kò ro wọ́n rárá, a wá jókòó sílé. Nǹkan bí oṣù kẹta ni ìrora bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe fún màmá rẹ yìí ló wá di tiwa. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé àwọn dókítà ń pe irú ẹ̀ ní gílákómà ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Bí mo bá rántí, inú máa ń bí mi sí ara mi.

Abẹ́rẹ́ yẹn: wọ́n máa ń fi oògùn sí ojú kó má mọ ìrora kí wọ́n tó gún un, bàbá mi ní bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ ojú ni. Bevacizumab ni wọ́n lò fún wọn. Bí o bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá rí i pé oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe é fún, má fòyà, àwọn dókítà ojú kárí ayé ló ń lò ó báyìí, nítorí ó ń dá iṣan tuntun dúró, ó sì dínwó ju aflibercept, abẹ́rẹ́ ojú míì, lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iṣan yẹn á gbẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni agbára ẹ̀ mọ. Lésà ló ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ kí ẹ wá sá fún lésà, owó yín á wọgbó. Bí ìrora bá le sí i lẹ́yìn abẹ́rẹ́, lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá Bẹẹrẹ:
Mo kí gbogbo yín. Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn lọ́dún 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tó kún bo ìlú. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti dí ojú ọ̀nà omi. Bí ojú yìí ṣe rí nìyẹn. Oògùn kíkán ń dín òjò kù, abẹ́rẹ́ àti lésà ń pa koríko tó hù dí gọ́tà. Bí gọ́tà bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n á fi páìpù kékeré kan sí i, tàbí kí wọ́n fi lésà míì sun ibi tí omi ti ń sun jáde kó má sun púpọ̀ mọ́.

Èmi dé ìparí ọ̀nà yẹn. Ojú mi ti fọ́ pátápátá, ìrora ò lọ. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ ọtí (alcohol) sẹ́yìn ẹyinjú, ó dákẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 2019 mo ní kí wọ́n kó inú rẹ̀ jáde. Ìyàwó mi sunkún, èmi ò sunkún. Oorun tí mo sùn lọ́sẹ̀ kejì, mi ò sun irú ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ojú àtọwọ́dá ni mo ń lò, àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń ní kí n yọ ọ́ fún àwọn wò. Mi ò ní kí màmá ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mò ń sọ fún bùrọ̀dá rẹ pé bí ojú ò bá tiẹ̀ ríran mọ́, ó ṣì lè máa ro èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an.

Àbúrò, mo ti ka gbogbo ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ojú ọ̀tún nítorí òun ló ń pariwo. Ojú òsì ńkọ́? Ṣúgà kan náà ló ń lọ síbẹ̀. Ṣé wọ́n kán oògùn sí i kí ọmọlójú là, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́:
Wọ́n ní ká mú wọn padà wá fún ìyẹn. A gbàgbé. Òsì ò dùn wọ́n, òun ni wọ́n fi ń ka owó.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá:
Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọ̀tún ló ń sunkún, ojú tí wọ́n á fi ríran ni kí ẹ lọ gbà sílẹ̀. Ẹ béèrè dókítà rẹ́tínà, ìyẹn dókítà ẹ̀yìn ojú, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn. Kí bùrọ̀dá gbọ́ èyí pẹ̀lú: ohun tó sọnù lọ́wọ́ gílákómà kì í padà, kò sí ẹni tó máa ṣèlérí ìyẹn fún yín. Ìrora ọ̀tún ni owó yẹn wà fún, àti òsì.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́ (ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà, lọ́jọ́ kẹrin màmá sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi ni mo ń jí lọ wò bóyá wọ́n ń mí. Pírẹ́ṣọ̀ ti wá sí 29. Dókítà ní kò tíì tó, pé a ṣì lè nílò páìpù.

Wọ́n wo òsì. Iṣan tuntun ti ń hù lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì dé iwájú. Wọ́n ti ta lésà sí i lẹ́ẹ̀kan, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní àpapọ̀ ẹ̀ lè ju 1,000 ìtannà lọ. Màmá ní bí ẹni ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ni, kò sí jọ̀lọ́ọ̀fù. Bùrọ̀dá ti fi owó ránṣẹ́, kò sọ nǹkan kan, mo mọ̀ pé ó ka ọ̀rọ̀ bàbá Bẹẹrẹ.

Oògùn ṣúgà ò sí lórí fèrèsé mọ́, ọwọ́ mi ló wà. Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ọjà, wọ́n fẹ́ padà sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá:
Kí wọ́n ní sùúrù títí lésà kejì. Bá mi gbé kọ́ńgò èlùbọ́ méjì pamọ́.