Irinṣẹ́ ìmòòkùn, ooru Ìbàdàn àti omi tútù: kí oníkálùkù mú ohun tó mọ̀ wá

Ará Sámọ́ńdà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn tó ń múra láti lọ mòòkùn nínú omi tútù, ì báà jẹ́ Cape Town, Scotland tàbí Silfra ní Iceland níbi tí omi kì í ti í ju 4 °C lọ, aṣọ tí wọn yóò rà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Aṣọ ṣe pàtàkì lóòótọ́. Àmọ́ púpọ̀ nínú wàhálà tó ń bá èèyàn nísàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún, ilé wa níbí ló ti ń dì í mọ́ ẹrù. Ẹ jẹ́ ká kó ohun tí a mọ̀ jọ. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí kámẹ́rà.

Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn lè wà ní 28 °C kí ọ̀rinrin rẹ̀ sì tó ìdá 80 nínú 100. Bí housing kámẹ́rà (àpótí tí omi kì í wọ̀ tí a ń fi kámẹ́rà sí) bá gba lítà 2 irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ tó mílígíráàmù 44. Ẹ gbé e wọ omi 6 °C, afẹ́fẹ́ yẹn kò lè gbà ju 15 lọ mọ́. Ìyókù á sẹ̀ bí ìrì. Housing oníke ló burú jù, torí pé ike kì í tètè tutù, dígí iwájú lẹ́ńsì nìkan ni ìrì rí bà lé. Ti alumíníọ̀mù, gbogbo ara rẹ̀ ló ń pín ìrì náà gbà.

Nítorí náà, ẹ má ti housing pa ní báńkọ́nì tàbí lẹ́bàá omi. Yàrá tó ní AC ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ ṣí housing àti kámẹ́rà sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí kan kí ara àwọn méjèèjì tutù dọ́gba, kí ẹ tó tì í. Ẹ fi àpò silica gel (èròjà tó ń fa ọ̀rinrin mu) sínú rẹ̀, àmọ́ kó má kan o-ring, òrùka rọ́bà tó ń dí omi. Silica gel tó ti mu omi yó kò wúlò: ẹ gbé e sínú ààrò ní 120 °C fún wákàtí 2 sí 3, lẹ́yìn náà ẹ dé e mọ́ inú ìgò. Ẹni tí housing rẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, kó fà á, kó sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó gbà pé kò jò. Bí ẹ bá gbé e láti inú AC bọ́ sínú oòrùn lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á sì wú. Iná ìkìlọ̀ lè tàn láìsí ibi tó jò.

Ọyẹ́ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, èyí dára fún dígí, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ni ọ̀tá o-ring. Fọ́nrán òwú kan tàbí irun kan ṣoṣo tó dábùú o-ring tó fún omi láti wọlé. Káàdì oníke ni kí ẹ fi yọ o-ring, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tí kì í ta òwú nù ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tó ń jókòó sí. Gíríìsì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe housing náà fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ lò, nítorí pé gíríìsì sílíkónì lè mú kí o-ring tó jẹ́ sílíkónì wú. Kí ó kàn máa dán ni, kó má pọ̀. Gíríìsì kọ́ ló ń dí omi, rọ́bà ni. Gíríìsì púpọ̀ á kàn máa kó eruku jọ ni.

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọ̀rinrin kan náà yẹn ló ń ba regulator, ẹ̀rọ tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, jẹ́. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà wà ní 200 bar (bar ni òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), first stage, apá regulator tó wà lẹ́nu sílíńdà, á sì já a wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10 bar lé agbára omi tó yí i ká. Bó ṣe ń tú jáde lójijì bẹ́ẹ̀ ló ń tutù, ó sì lè tutù kọjá ibi tí omi ti ń dì. Nínú omi 4 °C, kò sí ooru tí yóò yọ́ yìnyín náà. Yìnyín á há fáfù lẹ́nu, fáfù ò ní lè padé mọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa tú ṣùù láìdúró. Sílíńdà lítà 12 tó kún dẹ́nu lè gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí ẹ tó ra regulator, ẹ wo ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ “EN 250” (ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún regulator) sí pẹ̀lú “>10 °C”, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má gbé e lọ sí Scotland nígbà òtútù, bó ti wù kó tuntun tó. Ẹ má mí nínú rẹ̀ lókè omi bí ojú ọjọ́ bá tutù gan-an, torí pé èémí yín ní omi nínú. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú aṣọ lásìkò tí ẹ ń fa èémí sínú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ tú u sílẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó ń tú, ẹ fọwọ́ sọ fún ẹnìkejì yín, ẹ gba regulator kejì tó wà lára rẹ̀, kó bá yín ti fáfù sílíńdà yín, kí ẹ jọ gòkè, kó má ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà. Afẹ́fẹ́ wa lọ́rinrin, ó sì gbóná, nítorí náà asẹ́ inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á tètè yó ju iye wákàtí tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Bó bá yó, omi àti òórùn epo á wọ inú sílíńdà. Èyí tó ń pa èèyàn ni èéfín jẹnẹrétọ̀. Bí ẹnu tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fi ń fa afẹ́fẹ́ bá wà nítòsí jẹnẹrétọ̀, carbon monoxide á wọlé, kò ní òórùn, ojú ò sì rí i. Ní mítà 30, agbára rẹ̀ lára èèyàn di ìlọ́po mẹ́rin ti òkè omi. Ẹ gbé ẹnu yẹn lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, kó jìnnà, kó sì ga. Ẹ má fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọganáísà rọ sílíńdà rárá.

Ará Àpáta

Díẹ̀ ni tèmi. Wetsuit (aṣọ ìmòòkùn rọ́bà tí omi ń wọ̀) mílímítà 7 kì í ṣe mílímítà 7 ní ìsàlẹ̀: ihò afẹ́fẹ́ inú rọ́bà rẹ̀ ló ń mú kó móoru, ní mítà 30 omi á ti tẹ ihò wọ̀nyẹn pa. Ìdí nìyẹn tí drysuit (èyí tí omi kì í wọ̀) pẹ̀lú aṣọ abẹ́ tó nípọn fi dára ju bí omi bá ti wà lábẹ́ 10 °C. Ọrùn àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ latex ni ooru Ìbàdàn ń sọ di ohun tó ń lẹ̀. Ẹ má fi òrí tàbí Vaseline pa á, epo ń jẹ latex. Pọ́ńdà tí kò ní òórùn ni ẹ ó fi bù ú lára, kí ẹ sì gbé e síbi tó dúdú, tó tutù, tó jìnnà sí ẹ̀rọ oníná.

Ará Bódìjà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjé tí èèyàn ń so mọ́ra kó lè rì, tó bá a mu ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ UI náà ni yóò lò nínú òkun? Ṣé èèyàn sì lè lọ fi kámẹ́rà dánra wò ní Èlẹ̀yẹlé?

Ará Àpáta

Rárá, àbúrò. Omi òkun wúwo ju omi adágún lọ ní bíi ìdá 2.5 nínú 100. Bí ara yín àti ẹrù yín bá jẹ́ kílò 100 lápapọ̀, ẹ fi òjé kílò 2.5 kún un. Ẹ tún ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn: sílíńdà lítà 12 tó ti 200 wá sí 50 bar fúyẹ́ ní kílò 2 lé díẹ̀. 50 bar yẹn ni kí ẹ fi wọn òjé: ẹ mí déédéé, ẹ dá èémí dúró, kí omi dé ojú yín gẹ́ẹ́.

Ará Sámọ́ńdà

Èlẹ̀yẹlé kọ́, àbúrò. Omi mímu ìlú ni, ó dọ̀tí lójú, àwọ̀n apẹja àti ewéko omi sì wà níbẹ̀. Fíláàṣì á kàn máa tan ìdọ̀tí inú omi lójú ni. Ibi tó jinlẹ̀ ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ló yẹ. Ẹ kọ́kọ́ ri housing láìsí kámẹ́rà nínú rẹ̀, kí ẹ wò bóyá afẹ́fẹ́ á máa hó jáde lára rẹ̀.

Fún àwòrán fúnra rẹ̀: àwọ̀ pupa ló ń kọ́kọ́ sá lójú, bíi mítà 5 ló ti ń lọ. Ẹ sún mọ́ ohun tí ẹ ń yà, kó má ju mítà kan lọ, kí ẹ sì na apá fíláàṣì jìnnà sí lẹ́ńsì lọ́tùn-ún lósì. Bátìrì á yára rẹ̀ nínú òtútù, ẹ gbà á kún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì gbé e sínú báàgì ọwọ́ lọ́kọ̀ òfuurufú. Nínú ọkọ̀ náà, ẹ yọ o-ring ńlá kúrò kí housing má padé, torí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ti jáde nínú omi tútù, ẹ má ṣí i létí omi. Ẹ gbé e wọ yàrá, kó móoru tán, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó tú u.