Mọ́mì mi ní ìwé oníṣègùn, àgbo wọn ò ní nọ́ńbà NAFDAC: ṣé a lè tẹ lébẹ̀lì?

ỌmọAlágbo_Mushin:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kó ara mi àti ìyá mi sí wàhálà.

Mọ́mì mi ń ta àgbo ní Mushin, ọdún 31 rèé tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń bá wọn já ewé. Ìkòkò mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé kaná láràárọ̀: ti ibà, ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn awakọ̀ ló ń mu ún jù, ife kan lórí ìdúró, wọ́n á tutọ́, wọ́n á bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, inú ike omi tí a ti fọ̀ la máa ń rọ ọ́ sí.

Kí n sọ òótọ́, èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ìgò sílẹ̀. Mo ní kí a ra ìgò tuntun, kí a lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn, kí n máa gbé e sórí WhatsApp àti Instagram. Mo lọ bá bọ̀dá kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Wọ́n ka ohun tí mo kọ, wọ́n ní, "Nọ́ńbà NAFDAC dà?" Mo ní a ò ní. Wọn ò tiẹ̀ ronú. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe wàhálà, mú 15,000 náírà wá, mo máa bá ẹ fi ọ̀kan sí i." Wọ́n fa lébẹ̀lì àgbo ẹlòmíì yọ nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí nọ́ńbà ara ẹ̀, A7 níwájú, L lẹ́yìn, pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

Ara mi bù máṣọ. Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde.

Mo sọ fún Mọ́mì nílé. Wọ́n nawọ́ sí ara ògiri. Ìwé ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó fún wọn ló wà níbẹ̀ nínú férémù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn. "Kí wá ni ìyẹn? Ṣé ìjọba kọ́ ló fún mi ni?"

Ohun tí wọ́n ní kí n kọ sára ìgò rèé: DÓKÍTÀ ÌYÁ ÌBEJÌ, ÀGBO GBOGBONÌṢE. Ó Ń WO IBÀ, JẸ̀DÍJẸ̀DÍ, ÀTỌ̀GBẸ, Ẹ̀JẸ̀ RÍRU, ÀÌRỌ́MỌBÍ ÀTI JẸJẸRẸ. KÒ LÉWU. Mo ní ṣé ìkòkò kan náà ló ń wo gbogbo èyí? Wọ́n ní àgbo tí ò bá wo tó mẹ́fà, ta ló máa rà á?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ṣé ìwé ara ògiri yẹn tó? Kí ni a lè kọ, kí ni a ò gbọdọ̀ kọ?

Bàbá_Elégbòogi_Ìkòròdú:

Àbúrò mi, má fún atẹ̀wé yẹn ní kọ́bọ̀. Nọ́ńbà tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, ti ẹnì kan ni. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì NAFDAC, orúkọ oògùn míì ló máa rí. Lójú òfin ayédèrú oògùn nílẹ̀ yìí, oògùn tí wọn ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ rárá gan-an, ayédèrú ni wọ́n kà á sí, ká má tiẹ̀ wá sọ èyí tó gbé nọ́ńbà olóńbà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15 ni wọ́n kọ síbẹ̀, tàbí ìtanràn tó lè tó 500,000 náírà, wọ́n sì lè pa méjèèjì pọ̀. Atẹ̀wé ò ní bá yín ṣe é. Orúkọ ìyá rẹ ló wà lára ìgò.

Ìwé ara ògiri yẹn, ẹ má yọ ọ́ o, ó níyì. Ṣùgbọ́n èèyàn ni ìwé yẹn mọ̀, kò mọ ìgò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń sọ pé, "A mọ obìnrin yìí sí oníṣègùn." NAFDAC jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 1993 ló dá a sílẹ̀, kò sì béèrè ẹni tí o jẹ́. Ó ń béèrè pé kí ló wà nínú ìgò, ibo lẹ ti sè é, ìgbà wo ló máa bàjẹ́. Ìwọ náà wo awakọ̀: tí VIO bá ní kó mú pátíkúlà ọkọ̀ wá, tó na láísẹ́ǹsì sí wọn, ṣé wọ́n máa fi í sílẹ̀?

Èmi gan-an rò bí ìyá rẹ ṣe rò. Mo kó ìgò 48 sórí pẹpẹ nínú oṣù Ẹrẹ́nà kan báyìí, ooru mú gan-an. Lóru, mo gbọ́ "gbòà!" Mo rò pé ìbọn ni. Kí n tó dìde, ìyàwó mi ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò ló ń bú níkọ̀ọ̀kan. Omídùn ni mo fi rẹ ewé, ó ń kan lọ nínú ìgò, mo sì ti dé e pinpin. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, gbogbo yàrá ń rùn bí ògì ọlọ́sẹ̀ méjì, àfọ́kù sì ti há sínú máńtírẹ́ẹ̀sì ọmọ mi. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà, ilé ìyá àgbà ẹ̀ ló sùn sí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́.

Ohun tí ó máa ná yín nìyí. Ẹ máa forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, ẹ máa gba trademark fún orúkọ àgbo, lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí NAFDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NAPAMS ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Wọ́n máa gba àgbo lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n máa wá wo ibi tí ẹ ti ń sè é, ilé ìdáná tí ẹ ti ń ro àmàlà ò sì lè jẹ́ ibẹ̀. Lára ìgò, ẹ gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, nọ́ńbà ìkòkò tó ti jáde àti bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Nígbà tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, ọmọbìnrin kan láàárín wọn bi mí pé báwo ni orúwo tó ń wọ ìkòkò ṣe pọ̀ tó. Mo ní ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Ọwọ́ ta, bàbá?" Mo fẹ́ bínú. Mo wo ọwọ́ mi, mo wo ti ìyàwó mi tó máa ń bá mi sè é tí mo bá rìnrìn àjò. Mo ra òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kejì.

Ní ti L tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n kàn kọ àgbo náà sínú àkọsílẹ̀ wọn ni. Ọdún 2 ló ń lò, ẹ máa wá tún un ṣe. Lébẹ̀lì sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ẹ ní àgbo ń ṣe wò. Báwo lẹ ṣe máa wá kọ jẹjẹrẹ sókè, kí ẹ kọ ìyẹn sísàlẹ̀?

Ọmọ_Ọdẹ:

Ẹ̀yin náà ẹ ń dá ara yín láàmú. NAFDAC wo? Àgbo ni wọ́n fi wo àwọn baba ńlá wa kí òyìnbó tó dé. Kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ìkòkò ìyá àgbà mi.

Bàbá_Elégbòogi_Ìkòròdú:

Ìyá àgbà yín mọ ẹni tó ń mu ún. Wọ́n mọ ìyá ẹ̀. Tí inú bá run ún, ojúlé wọn ló máa padà wá. Ẹni tó rà á lórí Instagram láti Kánò, ojúlé ta ló máa wá?

Apòògùn_Ìbàdàn:

Apòògùn ni mí, ìyá mi náà sì ta lékuléja ní Ọjà Ọba, ẹ má rò pé mo wá bú alágbo.

Àǹtí, ẹ pa "Dókítà" rẹ́ lónìí. Ẹni tí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ tó ń pe ara ẹ̀ ní dókítà tó ń wo aláìsàn ti ṣẹ̀ sófin. Bó bá jẹ́ àwọn oníbàárà ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnu ò ṣe é dí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ yọ àtọ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ náà. Òfin oúnjẹ àti oògùn ní àkójọ àwọn àìsàn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ polówó ìwòsàn wọn fún aráàlú, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Gbígbé e sórí Instagram, ìpolówó ni. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó jáde, ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó, náà sì ń ṣọ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ "KÒ LÉWU" yẹn ló dùn mí jù. Bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó ń mí gúlegúle, ó ní kí n bá òun yẹ ṣúgà wò. Mo gún ìka ẹ̀, mo kan ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò mú nọ́ńbà wá, HI ló kọ. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ó ń kí mi ni?" HI yẹn túmọ̀ sí pé ṣúgà ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Oṣù méjì ló ti pa metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń lò, tì, torí ara ìgò àgbo kan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ń mu ún ò nílò oògùn òyìnbó mọ́. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé fún un nílé ìwòsàn. Ó ṣì máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Kì í wo ọ̀dọ̀ mi.

Kí Mọ́mì máa bi oníbàárà pé oògùn wo ló ń lò lọ́wọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí wọ́n lọ paracetamol tàbí dexamethasone sínú àgbo kó lè tètè jẹ́, kí wọ́n lé e jáde. Àyẹ̀wò máa tú u síta.

ỌmọAlágbo_Mushin:

Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá, mo ka ti ìgò tó bú sétígbọ̀ọ́ Mọ́mì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ni wọ́n bá ní kí n tún un kà.

Wọ́n ti gbà kí a yọ jẹjẹrẹ. Ti àtọ̀gbẹ, wọ́n ṣì ń kùn. Ohun tí wọn ò fẹ́ gbà rárá ni pé kí àwọn kọ gbogbo ewé sílẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n ní ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti gbà á, kì í ṣe ohun tí wọ́n máa kà sínú ìwé fún aráyé.

Apòògùn_Ìbàdàn:

Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ẹ sọ fún wọn nípa Reverend Ogunyale, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ní oògùn arunmọléegun ìdílé tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó bá ní sickle cell. NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá, ló gbé e yẹ̀ wò títí ó fi di NIPRISAN. Wọn ò kàn gbà á lọ́wọ́ wọn lásán, wọ́n jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ni. Lónìí, gbogbo ayé mọ ohun tó wà nínú ẹ̀: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ìkan wo ni ìyá yín ò lè rà lọ́jà nínú ẹ̀? Orúkọ bàbá náà ṣì wà lára ẹ̀. Tí Mọ́mì bá fẹ́ bá ilé ìwádìí kankan sọ̀rọ̀, kí lọ́yà kọ àdéhùn kí wọ́n tó dárúkọ ewé kan ṣoṣo. Trademark tí Bàbá Ìkòròdú sọ, orúkọ nìkan ló ń dáàbò bò, kò dáàbò bo ewé.

Ìyá_Peckham:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ó dá mi lójú pé ẹnì kan máa tó ní kí ẹ kó o ránṣẹ́ sí òun ní London. Ẹ má kó o. Níbí, oníṣègùn ewé tó bá jókòó ti ẹnì kan, tó bi í léèrè, tó sì po oògùn fún ẹni yẹn nìkan, kò nílò ìwé àṣẹ fún oògùn náà. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti ṣe sínú ìgò kalẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà lórí àtẹ, láti 30 April 2011, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà THR, ìyẹn ti ìforúkọsílẹ̀ oògùn ewé ìbílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ MHRA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbí, tàbí ìwé àṣẹ oògùn gidi. Fún THR, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rí pé ó ti tó 30 ọdún tí wọ́n ti ń lò ó. Mọ́mì yín ní 31, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń béèrè, wọn ò béèrè ẹnu. Ní ti jẹjẹrẹ, láti 1939 ni òfin ti wà níbí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ polówó ìwòsàn ẹ̀ fún aráàlú.

ỌmọAlágbo_Mushin:

Ibi tí a bá a dé rèé. A ò tẹ lébẹ̀lì kankan báyìí. Ìkòkò ibà nìkan la máa fi bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì yòókù á ṣì máa jẹ́ ti ife àti ìdúró. Mo ti ra òṣùwọ̀n. Lánàá, mo ní kí Mọ́mì bu ẹ̀kúnwọ́ eèpo ahùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta: gíráàmù 62, 80, 71. Wọ́n wo òṣùwọ̀n, wọ́n ní bátìrì ẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mò ń lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá. Atẹ̀wé pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní nọ́ńbà ti di 20,000, kí n yára.

Bàbá, ìbéèrè kan ló kù: tí a bá fi omídùn sílẹ̀, omi lásán ṣé ó máa yọ agbára orúwo dáadáa?

Bàbá_Elégbòogi_Ìkòròdú:

Ó máa yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sè é pẹ́. Kíkorò ẹ̀ sì máa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí omídùn ló máa ń bá a mú un rọlẹ̀. Kọ́kọ́ fún àwọn awakọ̀ yẹn mu ná, wò ó bóyá wọ́n á padà wá.